Àmì Asọ̀kalẹ̀

Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ.

Obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ orí òkè ń pè ní Alámì fi ìka kàn án lára igi, ìka rẹ̀ sì di aláwọ̀ ìyeyè. Ó gbé e sí imú. Òórùn agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni, èyí tí í máa ta ni ní ihò imú bí ata. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ewé kò mì, ẹyẹ kò ké. Ọ̀nà tí igi náà dúró sí ẹnu rẹ̀ ti di ohun ìpatì láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Koríko ti gorí rẹ̀, ẹ̀gún ti fi ẹnu rẹ̀ ṣe ilé, kò sì sí ẹlòmíràn lórí òkè náà tí a fún ní ọ̀dà bí kò ṣe òun.

Ó yí igi náà po. Níhà tí ẹni tó ń gòkè yóò ti rí i, kò sí nǹkan kan ju àbàwọ́n ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí òun fúnra rẹ̀ fi bo àmì àtijọ́ mọ́lẹ̀. Níhà kejì, èyí tí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan lè rí, ni àmì tuntun náà wà: ìlà kan ṣoṣo, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, tó ní ìrù kékeré tó yà sí òsì nísàlẹ̀.

Ìrù yẹn ni ó tún fi ìka tọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Alámì. Bí ó bá ń gbé ọwọ̀-ọ̀dà kúrò lára igi, ọwọ́ rẹ̀ a máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó já a gbà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń bá àbùkù náà jà, àbùkù náà ló ń borí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Àmì Alámì, ajá ni, bó bá ti rí èèyàn, á ju ìrù.” Kò sí ọwọ́ mìíràn láyé tó ń fa ìlà báyẹn. Òun sì mọ̀ dájú pé òun kò fà á.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè mọ ohun tó bà á lẹ́rù, ó yẹ kí a sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Igi tàbí òkúta kọ̀ọ̀kan tó wà létí ọ̀nà àwọn arìnkè, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wá ìgbádùn lórí òkè, ojú méjì ló ní. Ojú kan ń wo agòkè, ojú kejì ń wo asọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni alámì-ọ̀nà ń rin ọ̀nà kan kí ó tó lè sọ pé òun ti sàmì sí i: yóò gòkè, yóò kun àmì agòkè, yóò padà sọ̀ kalẹ̀, yóò kun àmì asọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ọ̀nà kan tì, bákan náà ni. Yóò rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ọ̀dà eérú pa ojú méjèèjì dé. Ẹni tó bá rìn ín lẹ́ẹ̀kan, ojú kan ló fọ́. Ojú kejì ṣì ń wò.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Alámì rin Ọ̀nà Odi.

Ọ̀nà Odi ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó kọjá lábẹ́ odi òkúta kan tí àwọn jagunjagun tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn mọ́ mọ sí èjìká òkè náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba etí kòtò ńlá kan kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láyé àtijọ́, tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí kòtò náà ya lulẹ̀, ó sì gbé ogún ìṣísẹ̀ ọ̀nà lọ. Ọ̀gá àwọn olùtọ́jú òkè ní kí Alámì pa àmì ibẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Alámì yí kòtò náà po, ó gòkè láti etí rẹ̀. Ó pa àmì agòkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí òkè, ọkọ̀ àwọn agégẹdú wà níbẹ̀, ó fẹ́ gba títì ẹ̀yìn òkè lọ sílé. Òjò ń rọ̀. Orúnkún ń dùn ún. Awakọ̀ na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé: “Ìyá, ẹ wọlé, àyè wà níwájú.” Ó wọlé. Ó ní ó di ọ̀la kí òun tó ṣe ti asọ̀kalẹ̀. Ọ̀la dé, ibà bá a dé.

Lọ́túnla, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe amọ̀nà àgbà lórí òkè náà, mú olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lọ wo odi. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà gòkè. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, kùrukùru bò wọ́n mọ́lẹ̀. Amọ̀nà rí àmì lára igi. Wọ́n ti sọ fún un pé gbogbo àmì ọ̀nà tó kú ni wọ́n ti pa rẹ́. Àmì yòówù tó bá ṣẹ́kù, a jẹ́ pé ti ọ̀nà alààyè ni. Ó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ló wà níwájú, amọ̀nà di ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn nítorí ojú bàbá náà tó ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí ilẹ̀ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́, ìṣẹ́tí náà já. Àjákù ìṣẹ́tí náà nìkan ni amọ̀nà mú délé.

Bí ìròyìn náà ti kan ibùsùn Alámì, ó dìde nínú ibà. Ó gba ẹ̀yìn òkè lọ ní kùtùkùtù, ó fi ọ̀dà eérú pa àmì asọ̀kalẹ̀ rẹ́ kí ìgbìmọ̀ olùwádìí tó dé. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ìwé pé ọjọ́ Ajé lòun ti parí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ pé, “Mo rí àmì.” Wọ́n lọ wò ó, kò sí àmì. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Afinisọ́fìn. Ó gbé ọdún mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ yẹn, ó sì kú àìsàn tí oníṣègùn kò rí orúkọ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí Alámì lè pariwo nígbà tó rí ọ̀dà tútù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ní Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀yá nítorí ìrìn rẹ̀, ni yóò kó àwọn arìnkè lọ sí odi, ìrìn àkọ́kọ́ tí yóò fi gba ìwé-àṣẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ọ̀nà Tuntun, èyí tí wọ́n là rọ́pò Ọ̀nà Odi, ni yóò gbà lọ, òun ni yóò gbà bọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ odi ni Ọ̀nà Tuntun àti Ọ̀nà Odi ti pínyà, igi tí à ń wí yìí ló sì dúró sí oríta náà. Bí kùrukùru bá bọ́, ọmọ yóò ṣe ohun tí baba ṣe.

Ó yọ ọ̀bẹ, ó fá àmì náà títí funfun igi fi yọ. Ó sì lọ sílé.

Ní Ọjọ́rú, àmì náà ti padà. Orí ibi tí ó fá gan-an ni wọ́n kùn ún sí, ó tutù, ó ń dán, ó ju ìrù sósì. Igi kejì náà ti ní tirẹ̀. Ó fá méjèèjì. Ó wọ́ igi gbígbẹ mẹ́fà dí ẹnu ọ̀nà náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

Inú yàrá náà ń rùn fún bàtà tútù. Àwòrán-ilẹ̀ òkè náà gba gbogbo ògiri kan, àwọn ọ̀nà alààyè wà níbẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ọ̀nà tó kú ní eérú. Ọ̀gá ń bó ọsàn sórí ìwé ìròyìn.

“Alámì! Ajá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ju ìrù?”

“Ó wà, Ọ̀gá. Mo fẹ́ kí a mọ nǹkan dí ẹnu Ọ̀nà Odi kó tó di Àbámẹ́ta.”

“Ọ̀nà tó ti kú? Ta ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ju awẹ́ ọsàn sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè díẹ̀. “Àbí àmì kan ṣẹ́kù níbẹ̀ ni?”

“Kò sí.”

“O ṣáà fọwọ́ sí i.”

“Mo fọwọ́ sí i, Ọ̀gá.”

“Ó tán nìyẹn.”

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń rọ̀. Igi gbígbẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó fi dí ọ̀nà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó kó wọn kúrò kò jù wọ́n nù. Ó tò wọ́n ni, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ìdí wọn dọ́gba bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà. Igi mẹ́sàn-án ló ti ní àmì báyìí. Alámì bẹ̀rẹ̀ sí í fá wọn. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó ní ìmọ̀lára pé wọ́n ń wo òun.

Bàbá kan jókòó sórí òkúta tó ti ya lára odi, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún. Ẹ̀wù gígùn kan wà lọ́rùn rẹ̀. Òkúta tó yí i ká dúdú fún omi, Alámì fúnra rẹ̀ tutù dé awọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù bàbá náà gbẹ fúrúfúrú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá aláìsàn.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ gòkè?”

“Èmi àti ẹnì kan ni. Ó ti lọ.”

“Ṣé ẹ mọ ọ̀nà ilé?”

“Àmì yín ni mò ń tẹ̀ lé.” Ó fi àtàǹpàkò nu orí àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbọn ẹfun nù. “Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ. Bí mo bá rí ìlà, mo mọ ọwọ́ tó fà á. Ọlọ́wọ́ òsì ni yín.”

Alámì fi ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

“A máa ń na àwọn ọlọ́wọ́ òsì nígbà tiwa. Ẹ má bínú. Ìwà òpònú ni.”

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí nínú òjò?”

“Mò ń dúró de ẹni tí yóò mú mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ní Àbámẹ́ta ni.”

Ó dìde, ó dé fìlà, ó tẹríba díẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀nà Odi ló gbà lọ. Ó ń rìn láàárín ẹ̀gún, ẹ̀gún kò mú un. Kí ó tó wọ inú igbó, Alámì rí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀: ìṣẹ́tí rẹ̀ ti já láti ìbàdí sísàlẹ̀, fọ́nrán òwú ń fì níbi tó ti já, bí ìgbà tí ọwọ́ kan di í mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Alámì kò fá igi tó kù lọ́jọ́ náà. Kò mọ bí òun ṣe dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó olóògbé, aránṣọ, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ran àpò mọ́ ẹ̀wù òjò ọmọ rẹ̀. Àjákù aṣọ kún ilẹ̀. Ẹsẹ̀yá na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń fi òróró pa bàtà.

“Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀,” ni ìyàwó wí, láìgbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé wọn. “Ẹ jókòó. Ẹ ti rù. Ṣé òkè yẹn ń jẹ yín ni àbí ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́?”

“A jọ ń jẹ ara wa ni, ìyàwó wa.”

“Àǹtí, ẹ wo bàtà mi!” Ẹsẹ̀yá gbé e sókè. “Ẹni mẹ́jọ ni mò ń kó lọ lọ́la. Akọ̀wé kan wà nínú wọn, ikùn rẹ̀ ló máa ṣíwájú dé odi. Òun fúnra rẹ̀ á dé lọ́jọ́ Àìkú.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Alámì gbìyànjú, ẹ̀rín kò jáde.

“Má lọ lọ́la,” ni ó wí.

Ọwọ́ Ẹsẹ̀yá dúró lára bàtà.

“Kí ló dé, Àǹtí?”

“Kùrukùru máa bọ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Ẹ̀yin náà ti di awòjú-ọjọ́?” Ọmọbìnrin náà ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀. “Bó bá bọ́, àmì yín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé òkè lè tanni, kùrukùru lè tanni, àmì yín kì í tanni. Bí mi ò bá lọ lọ́la, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi ni kí n tún máa jẹ́ lọ?”

“Lọ́dún tó ń bọ̀ náà, kò burú…”

“Ó burú, Àǹtí.”

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yí mọ́. Ó wá wo Alámì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

“Ọkọ mi, ṣé nǹkan wà tí ẹ fẹ́ sọ?”

Alámì wo àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri, ó wo ọmọ tó jókòó pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, ó ka ohun tí yóò kù fún òun nínú ilé yìí lẹ́yìn tí òun bá ti sọ ọ́: kò sí àga, kò sí ife omi, kò sí “ọkọ mi.”

“Kò sí,” ni ó wí.

“Ó dáa,” ni aránṣọ wí, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní Àbámẹ́ta, Alámì ti wà ní oríta náà kí oòrùn tó gbóná. Gbogbo àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n ló ti pé, láti abẹ́ odi dé etí kòtò. Ó fá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkẹyìn, tó wà lára òkúta tí kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti tán, ó dojú bolẹ̀, ó fi àyà fà dé ibẹ̀ kí ó tó lè fá a. Èékánná rẹ̀ méjì ya. Ó padà sí oríta, ó jókòó, ó ń mí bí ẹran àgùntàn.

Ó gbọ́ nígbà tí àwọn arìnkè gba Ọ̀nà Tuntun kọjá lókèèrè lọ sókè. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ọjọ́ mọ́ gaara. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, afẹ́fẹ́ tutù kan gba inú odi jáde, ó ń rùn bí ihò òkúta. Kùrukùru tẹ̀ lé e. Kò wá láti ojú ọ̀run. Láti inú kòtò ló ti ń gòkè bọ̀, díẹ̀díẹ̀, láìyára, bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ó bo igi, ó bo òkúta, ó bo ẹsẹ̀ Alámì mọ́ ọn lójú. Nínú funfun náà, ohun kan ṣoṣo ló ń tàn. Ara igi tí ó fá láàárọ̀ yìí, àmì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn, bí fìtílà tí wọ́n tàn sí ojú ọ̀nà àlejò.

Lókè, ohùn Ẹsẹ̀yá ń bọ̀. “Ẹ di okùn mú o! Akọ̀wé, ẹ rọra, ikùn yín ń tì wá!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òkúta ń yọ̀ lábẹ́ bàtà wọn. Ó ku ogún ìṣísẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ku mẹ́wàá.

Alámì fò dìde, ó na apá méjèèjì dí ẹnu Ọ̀nà Odi.

“Ẹ dúró! Ẹ má tẹ̀ lé e! Ẹ má tẹ̀ lé àmì yẹn!”

Òjìji mẹ́sàn-án dúró nínú kùrukùru.

“Àǹtí?”

“Irọ́ ni àmì yẹn. Irọ́ tèmi ni.” Bí ó ti yọ ẹyọ kan, ìyókù tú jáde bí omi inú ìkòkò tó fọ́. “Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rin ọ̀nà yìí. Mi ò pa ti asọ̀kalẹ̀ rẹ́. Mo gun ọkọ̀ lọ sílé, mo fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ, ó rí àmì. Èmi ni mo wá pa wọ́n rẹ́ kí wọ́n tó wá wò ó. Mo fọwọ́ sí ìwé lé e lórí. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba ìwé-àṣẹ rẹ̀. Èmi ni mo pa olùkọ́ yẹn. Èmi ni mo pa bàbá rẹ. Má tẹ̀ lé e, ọmọ mi, má tẹ̀ lé e.”

Akọ̀wé wúkọ́ díẹ̀, ó sì dàbí ẹni pé ojú ń tì í pé òun wúkọ́.

Ẹsẹ̀yá tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lára okùn. Ó kọjá lábẹ́ apá Alámì, ó lọ dúró níwájú igi náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí ọwọ́ náà padà, ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

“Àmì wo, Àǹtí?”

“Ó wà níwájú rẹ!”

“Igi tí wọ́n fá lásán ni mo rí. Gbogbo èèpo rẹ̀ lẹ ti bó tán.” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “A ò sí lọ́nà yìí rárá. Ọ̀nà Tuntun la wà láti òkè wá, àmì rẹ̀ hàn kedere. À ń kọjá wa lọ ni kí ẹ tó pariwo.”

Alámì wo ojú àwọn arìnkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wo igi náà, wọ́n ń wo òun, ojú wọn kò sì dúró lórí ohunkóhun tó ń tàn.

“Bàbá mi rí yín,” ni Ẹsẹ̀yá wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó padà wá síbí láti wá àmì tó máa fi han ìgbìmọ̀. Ó bá yín lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú agolo eérú. Ó jókòó sẹ́yìn òkúta títí ẹ fi kun ti ìkẹyìn.”

“Kò… kò sọ fún ìgbìmọ̀.”

“Ó ní àbúrò òun ni yín, ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín. Ó ní a kò gbọdọ̀ bi yín. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró. Lórí ibùsùn tó kú sí, bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á ní, ‘Ṣé òun ni?’ Ẹ sì máa ń wá, Àǹtí. Ẹ máa ń wá lójoojúmọ́. Ẹ máa ń mú èso wá.”

Alámì fi ẹ̀yìn ti igi náà.

“Ẹ wá sọ ọ́ lónìí,” ni ọmọbìnrin náà wí, “níwájú àlejò, nítorí àmì tí kò sí. Ká ní kò sí àmì lójú yín, ẹ ò bá má sọ ọ́.” Ó padà sídìí okùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí. “Ẹ má bá wa sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ wà lẹ́yìn mi lórí òkè yìí.”

Wọ́n kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan fẹ́ fi ọwọ́ kàn án ní èjìká, kò fi kàn án mọ́. Kùrukùru gbé wọn mì.

Nígbà tó gbé ojú sókè, àmì náà ṣì wà, ó tutù, ó ń dán. Bàbá náà dúró lẹ́bàá igi kejì, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó gbọ́?”

“Ó gbọ́.”

“Ó dárí jì yín?”

“Kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kò sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.” Ó dé fìlà, ó tún un ṣe. “Wọ́n ní ní Àbámẹ́ta lẹnì kan máa mú mi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rò pé ọmọ yẹn ni.”

Alámì yí orí sí ìhà Ọ̀nà Tuntun. Oṣù tó kọjá ló kun àmì rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà bó ti mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ó wo igi àkọ́kọ́: eérú ti bo àmì rẹ̀. Ó wo òkúta tó tẹ̀ lé e: eérú. Ẹnì kan ti rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì, láìfi ojú kankan sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá,” ni ó wí.

“Àmì kẹrìnlélọ́gbọ̀n wà létí kòtò,” ni bàbá náà ń wí bọ̀, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti kọ́ àwọn ọmọ olórí líle. “Mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni mi ò rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá a nísàlẹ̀ níbẹ̀. Níbo lẹ kùn ún sí?”

Ó na ọwọ́ síwájú. Agolo ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ọwọ̀-ọ̀dà wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti yí ìdí rẹ̀ sí apá òsì kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti mú.

Lókèèrè nísàlẹ̀, níbi tí kùrukùru ti tán, Ẹsẹ̀yá ti dá àwọn arìnkè rẹ̀ dúró, ó ń kà wọ́n. Alámì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: ẹní, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ.

“Ẹ pé,” ni ọmọ náà wí. “Kò ku ẹnikẹ́ni lórí òkè.”